Pèpéle Ìdí Ọ̀pọ̀tọ́

Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù Kejì

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìpàdé kọ́mítì, èmi náà sì nawọ́ pé kí wọ́n gé e. Kí n yáa kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni rere.

Ẹ̀ka tó já lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fa gbogbo ẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé ló já lé, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́yìn tí ọmọ mi obìnrin, Nọ́ọ̀sì, kó wọn wọlé lọ kọrin. Ọpẹ́lọpẹ́ orin. Igi náà ò tiẹ̀ ní ewé kan lórí mọ́ látọdún tó kọjá. Alága kọ́mítì, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti ní irun lórí, sọ pé agégi ò ráyè títí di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta. Ó ní títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sábẹ́ rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló wojú mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Bíríkìlà, fọkàn balẹ̀. Igi la máa gé. Pèpéle rẹ ò ní í lọ síbì kankan."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Ọdún méjìlá rèé tí mo mọ pèpéle símẹ́ǹtì yẹn yí ìdí igi ká fún ayẹyẹ ìjọ. Àtẹ́lẹwọ́ ìyá àwọn ọmọ mi wà lórí rẹ̀, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Símẹ́ǹtì ò tíì gbẹ lọ́jọ́ náà tó fi tẹ ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ọn, tó ní, "Kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnì kan ló ń gbé oúnjẹ wá fún bíríkìlà." Ó pé ọdún mẹ́rin tó ti lọ sọ́run. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń jókòó síbẹ̀, màá fi ọwọ́ mi lé tirẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi nawọ́.

Ajé, ọjọ́ kejì

Ooru yìí kì í ṣe ti eré. Nọ́ọ̀sì wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Mo ní igi yẹn ń ṣe mí láàánú, ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn tó kọ oògùn.

"Bàbá mi, igi ò tó ọmọ. Ọmọ méjìlélógún ló ń jókòó síbẹ̀. Ká ní mo ní kí wọ́n tún ẹsẹ Bíbélì wọn kà lẹ́ẹ̀kan sí i ni..."

Kò parí ẹ̀. Nígbà tó ń lọ ló ní tí ọkàn mi ò bá balẹ̀, òun á rán Ìyá Olódòdó sí mi, obìnrin tó ń ta òdòdó àti igi gbígbìn níwájú ọsibítù wọn. "Àmọ́ tó bá ní ó ti kú, ó kú nìyẹn o. Ẹ ò ní í bá a jiyàn."

Èmi? Ìgbà wo ni mo bá èèyàn jiyàn rí?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Ìyá Olódòdó wá. Obìnrin kúkúrú ni, iyẹ̀pẹ̀ wà nínú èékánná rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó fi èékánná ha èèpo igi, ó ní kí n wò ó. Àwọ̀ ewé ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Igi yìí ò kú, Bàbá. Wọ́n fún un lọ́rùn ni." Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka kan pèpéle mi kó-kó-kó bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. "Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Bíríkìlà kan ni," mo ní.

"Haa! Olúwa rẹ̀ mọṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀tọ́ kì í gbà fún símẹ́ǹtì. Gbòǹgbò rẹ̀ á fọ́ ọ láàárín ọdún méjì, torí àwọn bíríkìlà máa ń jí símẹ́ǹtì, yanrìn ni wọ́n ń pò. Àmọ́ ẹni tó ṣe èyí ò jí ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó tún ki irin sí i!"

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn. Orí mi wú. Ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ogójì ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ yìí láìjí símẹ́ǹtì ẹnikẹ́ni. Ká ní mo jalè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré, ká ní mo jalè níbẹ̀ yẹn, igi ì bá ti fọ́ ọ jáde, ewé ì bá sì wà lórí rẹ̀.

Mo bi í pé kí ni ṣíṣe. Ó ní kí á fọ́ pèpéle náà kúrò, kí á bomi rin igi, kí á fún un ní ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa. Ó lè tún rúwé.

"Ṣé a ò lè fi apá kan sílẹ̀?" mo ní. "Apá ibi tí oòrùn ti ń yọ?"

"Bàbá, tí wọ́n bá ń fún èèyàn lọ́rùn, ṣé ọwọ́ kan ni wọ́n á tú sílẹ̀? Gbogbo rẹ̀ ni."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Mi ò tíì sọ ọ́. Tí mo bá dákẹ́, igi á lọ, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á lọ, bóyá igi náà ò sì ní í dúró. Èwo ni ti wàhálà? Igi tó ti dàgbà! Gbogbo ohun tó dàgbà ló ń kú.

Mo jẹ àkàrà òyìnbó méjì pẹ̀lú tíì, kò dùn lẹ́nu mi.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Pásítọ̀ wa, tí mo fi ọdún méjìdínlógójì jù lọ, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun lórí àwọn igi inú Bíbélì àti àwọn èèyàn tí ẹnikẹ́ni ò rántí. Alága sọ ọ́ sí mi létí pé, "Pásítọ̀ ń wàásù igi, kọ́mítì ń gé igi."

Débórà ló kàn lónìí. Kì í ṣe Débórà onídàájọ́ o. Èyí jẹ́ ìránṣẹ́, olùtọ́ Rèbékà, tó bá a kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ẹsẹ kan péré ni Bíbélì fi sọ ikú rẹ̀: wọ́n sin ín sábẹ́ igi óákù kan, wọ́n sì sọ igi náà ní Igi Ẹkún. Pásítọ̀ ní, "Olùtọ́ ọmọ lásán ni, ẹ̀yin èèyàn mi, síbẹ̀ odindi igi jẹ́ orúkọ nítorí ẹkún tí wọ́n sun lé e lórí. Ta la ní bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ yìí?"

Èmi mọ ìdáhùn, mo wo bàtà mi.

Ìyá Olómi ni. Ìyá mi ló sọ ìtàn rẹ̀ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Òun ló ń pọnmi tí wọ́n fi ń po amọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́. Kò mọ ìwé kà, wọn ò sì rì í bọmi títí ògiri fi parí, torí kò lè ka ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ sórí. Omi tó bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ garawa ló máa ń dà sí ìdí ọ̀pá ọ̀pọ̀tọ́ kan tó rì mọ́lẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ìwé ìtàn ìjọ ò dárúkọ rẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ha àgbélébùú sí lára ló wà níbẹ̀ fún un.

Wà, ni mo kọ, bí ẹni pé ó ṣì hàn síta. Nígbà tí mò ń mọ pèpéle, òkúta náà wọ́, kò bá ìlà mi mu, ayẹyẹ sì ku ọjọ́ méjì. Mo fi dí ihò. Mo da símẹ́ǹtì lé e lórí. Kí ó tó gbẹ ni mo ní kí ìyàwó mi wá tẹ ọwọ́ sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ẹ̀kọ́ Bíbélì. Èèyàn mẹ́sàn-án péré ló wá. Pásítọ̀ sọ ìtàn ọkùnrin ìgbàanì kan tó ń jẹ́ Fókásì, tó ń tọ́jú ọgbà lẹ́bàá òkun. Ìtàn náà ní àwọn ọmọ ogun wá a wá láti pa á nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, wọn ò sì mọ ojú rẹ̀. Ilé rẹ̀ gan-an ni wọ́n wọ̀ sí. Ó fún wọn lóúnjẹ láti inú ọgbà rẹ̀, ó tẹ́ ibùsùn fún wọn, ó wá lọ gbẹ́ sàréè ara rẹ̀ láàárín òdòdó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ló sọ fún wọn pé, "Èmi ni ẹ ń wá."

Mo bi Pásítọ̀ léèrè bóyá ọkùnrin yẹn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo lọ bá Alága àti Pásítọ̀ ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Èmi ni ẹ ń wá." Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti símẹ́ǹtì àti ti òkúta. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogún.

Alága yọ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ! Ìwọ tí o sọ fún mi pé pèpéle yẹn á pẹ́ ju àwa méjèèjì lọ!"

"Ohun tó ń ṣe náà nìyẹn," mo ní.

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n fọ́ ọ, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo mọ ọ́n. "Ṣùgbọ́n mi ò ní í dá agégi padà. Tí mi ò bá rí ewé lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta, igi ń lọ nìyẹn. Olóko inú Bíbélì fún igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so ní ọdún kan sí i. Èmi ò ní ọdún kan. Àwọn ọmọ olọ́mọ ló ń kọjá níbẹ̀."

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo sọ fún Nọ́ọ̀sì. Ó dìde dúró.

"Ọwọ́ Màámi ńkọ́?"

Mo ní màá gbìyànjú láti yọ ọ́.

"Ẹ máa gbìyànjú! Ẹ̀yin náà lẹ nawọ́ pé kí wọ́n gé igi yẹn. Kí ló wá dé? Bàbá mi, mi ò ní fọ́tò ọwọ́ Màámi. Mi ò ní nǹkan kan tó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀."

Ó jáde. Ó gbàgbé ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sórí tábìlì. Ó dára bẹ́ẹ̀, mi ò fẹ́ mọ iye tó jẹ́ lónìí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀. Mo gbé òòlù ńlá sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀, ó fò padà, díẹ̀ ló kù kó bá mi ní eyín. Pèpéle ò tiẹ̀ mira. Ta ni mo fẹ́ bú? Láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, ohun tí mo rí fọ́ ò kún garawa kan.

Pásítọ̀ ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó gba dígà. Ọwọ́ rẹ̀ bó láàárín wákàtí kan. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe é. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Bàbá, ẹ̀yin náà ò ṣe fẹ̀sọ̀ mọ ọ́n?"

Ọmọ yìí máa ń fi ẹ̀rín sọ̀rọ̀ sí ni lára.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìdajì ti lọ. Ọrùn igi ti yọ síta lápá kan. Ó dúdú, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Ìyá Olódòdó wá, ó fi ọ̀bẹ ha ibi tó jẹrà kúrò. Ó wo òòlù, ó wo apá mi tí mo fi aṣọ wé.

"Bíríkìlà kan ni, àbí?"

"Bíríkìlà kan ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Ó ku apá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Bí mo ṣe débẹ̀ ni mo bá Nọ́ọ̀sì tó ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú tìmùtìmù àti bẹ́díṣíìtì. Láti ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun àti èmi ò tíì sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá mi. Ibo ni kí n ti dì í mú?"

A fi òòlù kékeré gbẹ́ ẹ yí ká, díẹ̀díẹ̀. Wákàtí mẹ́ta. Mi ò rántí pé irin kan gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Èmi ni mo fi síbẹ̀, mi ò rántí. Bí a ṣe ń gbé e, irin náà fà á, ó sì là láàárín àtàǹpàkò àti ìka mẹ́rin tó kù.

Mo sunkún. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mo jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbà lẹ́nu ọmú. Nọ́ọ̀sì náà ń sunkún. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ti ìyá rẹ̀.

"Àṣé ọwọ́ Màámi kéré báyìí?"

"Ó kéré. Ìgbájú rẹ̀ nìkan ni kò kéré."

Ó rẹ́rìn-ín nínú omijé. Ó ní kí n fún òun ní àtàǹpàkò. Ó fi bẹ́díṣíìtì wé e, ó gbé e lọ sílé. Ìka mẹ́rin wà lórí tábìlì mi níbí bí mo ṣe ń kọ̀wé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Nọ́ọ̀sì ló rí òkúta náà nínú àwókù. Ó fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, àgbélébùú náà hàn. Alága wá wò ó, ó ṣí fìlà. A gbé e padà síbi tó wà. Ó ṣì wọ́. Mi ò tún un ṣe.

Yàtọ̀ sí ti òkúta yìí, mi ò tíì lè dé apá ibi tí ọwọ́ ìyàwó mi wà tẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti sọ fún Nọ́ọ̀sì pé kó máa bá mi bomi rin ibẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìgbẹ́ màlúù dé, àpò mẹ́fà. Ó ti gbówó lórí bí ẹni pé màlúù ti ń yàgbẹ́ wúrà. Olórí ẹgbẹ́ akọrin ní òórùn náà ń wọ inú ohùn wọn. Mo ní ó ti pẹ́ tí ohùn wọn ti ń wá ajílẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta

Òjò kọ̀, kò rọ̀. Omi ẹ̀rọ kì í wá lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì ta okùn yí igi ká, níbi tí ẹ̀ka kankan ò lè já dé, ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gbé ike omi kan wá láti ilé. Wọ́n á tò sẹ́yìn okùn, òun nìkan ló ń wọlé lọ dà á. Omi Ìyá Olómi ni wọ́n ń pè é. Ọmọbìnrin kan mu ìdajì tirẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní kí Ìyá Olómi máà bínú.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Jóbù ni lónìí. Ó ní ìrètí wà fún igi, pé bí wọ́n bá tilẹ̀ gé e, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì gbó nínú ilẹ̀, tó bá gbóòórùn omi lásán, á tún rúwé. Pásítọ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Alága wúkọ́ níwájú. Àwọn ọmọdé yíjú wò mí, bí ẹni pé èmi ni Jóbù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ọrùn ń dùn mí. Láràárọ̀ ni mò ń gbójú sókè wo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka lẹ́tà. Kò sí nǹkan kan lórí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Kò sí.

Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Agégi dé ṣáájú aago mẹ́jọ, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó da epo sí i. Alága àti èmi gbójú sókè, a yí igi po lẹ́yìn okùn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ewé kan.

"Bíríkìlà," ó ní, "ó dùn mí."

Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Mo ní, "Ẹ gé e." Mo ti ṣe èyí tí mo lè ṣe. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, mo sì ti fi tèmi ṣe é.

Nọ́ọ̀sì yà wọlé nínú aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ mú okùn àwọn ọmọ òun kí igi tó wó lé e. Ó ń ká okùn bọ̀, ó dé apá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ wá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà wá!"

Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ lọ síbẹ̀. Mo lọ. Níbi tí a ti yọ ọwọ́ ìyá rẹ̀ kúrò gẹ́lẹ́, nísàlẹ̀ ọrùn igi, láàárín ìgbẹ́ màlúù tó ti bò ó mọ́ Nọ́ọ̀sì lójú látẹ̀yìnwá, ọ̀mùnú kan ti yọ. Ewé méjì ló wà lórí rẹ̀, kò ju etí ológbò lọ. Gbogbo ọjọ́ tí mò ń gbójú sókè, ìsàlẹ̀ ló wà, lápá tí mi ò lè wò.

Mo pariwo. Mi ò mọ ohun tí mo sọ. Alága sáré wá, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ewé ni," ó ní.

Agégi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gé e àbí kí n má gé e? Ibi méjì ni wọ́n ti ń retí mi."

"Gé gbogbo ẹ̀ka tó ti kú, kó má já lé ọmọ ẹnikẹ́ni lórí," Alága dá a lóhùn. "Fi igi sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ó ní òun á sọ fún wọn pé aláìsàn kan ló jí.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Alága ní ṣé mi ò rò pé ó yẹ kí n mọ nǹkan kékeré kan yí ọ̀mùnú náà ká, kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́. Mo ní okùn ti tó. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta Ìyá Olómi, mo sì gbé ọwọ́ mi lé ibi tí ọwọ́ ìyàwó mi wà fún ọdún méjìlá. Símẹ́ǹtì yẹn máa ń gbóná lọ́wọ́ ní irú àkókò yìí. Ilẹ̀ tutù.